Omi Àdúrà Tí Auntie Mọ́wùnmí Dà Sórí Tépù

Tí ẹ bá rí Auntie Mọ́wùnmí lọ́jọ́ Sunday, nínú sùtánà funfun wọn, tí wọ́n ń jó lẹ́sẹ̀ lásán nínú hall tí ìjọ wa ń rẹ́ǹtì ní Plumstead, ẹ máa rò pé obìnrin yìí ò bẹ̀rù nǹkan kan láyé. Irọ́ ni. Wọ́n ń bẹ̀rù ajá. Wọ́n ń bẹ̀rù lift. Wọ́n ń bẹ̀rù lẹ́tà tí àpò ẹ̀ ní wíńdò. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rù kan gbé gbogbo ìyókù mì: ẹ̀rù tépù.

Àbúrò mummy mi ni wọ́n. Tíṣà ni wọ́n ní Abẹ́òkúta, tíṣà gidi, irú èyí tó ń ju chalk mọ́ èèyàn lórí tí kì í tàsé. Nígbà tí wọ́n dé London, kò sẹ́ni tó béèrè sátífíkéètì wọn. Mop ni wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́. Wáhàùsì ńlá kan ní Nathan Way ni wọ́n ti ń nu ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn nìkan, wọ́n á máa gbọ́ ìró bàtà ara wọn bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Lójú wọn, ìyẹn ṣì dáa. Ìgbà tí ọkùnrin kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn láti géètì dé bọ́ọ̀sì stop ni nǹkan bàjẹ́. Kò sọ̀rọ̀. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó kàn ń tẹ̀lé wọn ni, tí wọ́n bá dúró, á dúró. Auntie ò lè sọ ìtàn yẹn parí. Tí wọ́n bá dé ibi tó dúró yẹn, wọ́n á ní kí n lọ gbé omi kaná.

Torí náà, nígbà tí ilé-ìwé kan ní Thamesmead ní àwọn ń wá ẹni tó máa ran àwọn ọmọ Chinese lọ́wọ́ nínú English, Auntie sáré dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, àwọn kan láti Hong Kong, àwọn kan láti Vietnam, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sẹ́kọ́ńdìrì ni gbogbo wọn. Wọ́n fún Auntie ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn gym, tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ju èmi náà sínú ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Mushin ni, ẹni tó yẹ̀ mí wò sì ní ìwé kíkà mi ò ju ti primary three lọ. Mi ò bá a jà.

Inú yàrá yẹn ni mo ti mọ Kit-Yee. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun ẹ̀ bo ojú, kì í sọ̀rọ̀. Wing-Hong jókòó tì í, ìyẹn máa ń rẹ́rìn-ín láìsí ìdí. Tó bá di ìwé kíkà, ẹ máa fẹ́ ta mí nù lọ́jà. Àwọn méjèèjì á ka ojú ìwé kan gba-gba-gba, wọ́n á sọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí mo rò pé orúkọ oògùn ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí Auntie tẹ tépù. Ọkùnrin inú tépù á jáde, á ní, “Nọ́mbà wáànù. Lísìn kíáfúlì,” bí ẹni tí wọ́n fi ìwọ̀ fa imú ẹ̀ sókè. Bó bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, ojú Kit-Yee á tì pa bí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sunday. Kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nínú ìwé, ààyè wà láàárín ọ̀rọ̀ kan sí ìkejì, ṣùgbọ́n lẹ́nu òyìnbó kò sí ààyè kankan, ògiri ni.

Ní tèmi, gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mo máa ń sín ọkùnrin tépù yẹn jẹ nílé, màá gbé imú sókè, Auntie á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rántí, ẹ̀rín á sì kú lẹ́nu wọn.

Ohun tí wọ́n ń rántí ni pé kánsù ti ní àwọn máa rán èèyàn wá. Obìnrin kan ni, Mrs Leah Pargeter, òun ló ń dán àwọn ọmọ Chinese wò kiri ilé-ìwé. Ó máa dán reading wò, ó máa dán listening wò. Tí àwọn ọmọ bá ṣe dáadáa, yàrá wa á dúró. Tí wọn ò bá ṣe dáadáa, wọ́n á kó wọn lọ sí ibòmíì ní òdìkejì odò Thames, wọ́n á ti yàrá yẹn pa, Auntie á sì padà sí Nathan Way. Kò sẹ́ni tó fi bò fún wọn. Headmaster ló sọ ọ́ fún wọn ní corridor, tó ń jẹ apple lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Auntie ò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n á fi èbà síwájú, wọ́n á máa yí i. Lálẹ́, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń yẹ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wò, wọ́n á padà, wọ́n á tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rù yẹn náà ló gbé wa dé orí férì. Auntie ní àwa ọmọ yìí ti mọ tépù yẹn bí ọ̀tá, ká lọ wá nǹkan míì tí a máa gbọ́. Ọ̀fẹ́ ni férì Woolwich, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá odò, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Tí a bá ti jáde nílé-ìwé, Auntie á kó wa lọ, a máa wọ férì, a máa sọdá sí North Woolwich, a máa tún sọdá padà. Iṣẹ́ wa ni ká kọ ohun tí ọkùnrin loudspeaker bá sọ sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn! Bí ẹni tó fi èbà gbígbóná sẹ́nu ló ń sọ̀rọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké lábẹ́ ẹ̀, atẹ́gùn ń gbé ìdajì ẹ̀ lọ sínú odò. “Wáwáwá pliiisì, wáwá ẹ́njìnsì.” Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, “please” nìkan ni Kit-Yee kọ. Wing-Hong ya àwòrán ẹja.

Kì í ṣe eré o. Àwọn bọ́bọ́ kan máa ń wà lórí férì yẹn, wọ́n gé irun mọ́lẹ̀, wọ́n wọ bàtà ńlá. Tí wọ́n bá rí wa, wọ́n á fi ìka fa ojú wọn gùn sí Kit-Yee, wọ́n á wá dún bí ọ̀bọ sí èmi àti Auntie. Lọ́jọ́ kan wọ́n tutọ́, ó balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bàtà Wing-Hong. Auntie gbá wa mọ́ra. Mo gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù nínú kóòtù. Ohùn wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn tíṣà ni.

“Ẹ má wò wọ́n,” wọ́n sọ ọ́ ní English, jẹ́jẹ́. “Ẹ di ojú yín. Kí ni loudspeaker sọ?”

Kit-Yee di ojú. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, látòkè délẹ̀: kí àwọn dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Àtìgbà náà, tó bá fẹ́ gbọ́ nǹkan, á kọ́kọ́ di ojú.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, Auntie lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì Abíọ́nà, tó ń wa minicab láàárín ọ̀sẹ̀, gbàdúrà sínú ike omi kan fún wọn. Ẹni tó bá mọ ìjọ wa mọ̀ pé kò sí tuntun níbẹ̀. Tí o bá fẹ́ lọ ṣe interview, o máa wọ́n omi sí bàtà. Tí o bá ń lọ sí Home Office, o máa wọ́n ọn sí pásípọ́ọ̀tù. Ibi tí ẹ̀rù bá wà ni omi ń lọ. Wòlíì ní kí wọ́n wọ́n ọn sí gbogbo ohun tí àwọn ọmọ máa fọwọ́ kàn.

Èmi, Auntie àti Kit-Yee la kọ́kọ́ dé yàrá yẹn láàárọ̀. Rẹ́kọ́dà tí kánsù fi ránṣẹ́ ti wà lórí tábìlì, tuntun, dúdú, tépù ti wà nínú ẹ̀. Auntie bọ́ bàtà wọn. Wọ́n wọ́n omi sí ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ́n ọn sórí àwọn àga, sórí àwọn pẹ́ńsù. Lẹ́yìn náà, wọ́n dé iwájú rẹ́kọ́dà, wọ́n sì dúró, bí ìgbà tí wọ́n bá rí ajá. Wọn ò wọ́n omi síbẹ̀. Wọ́n dà á ni. Yàà. Wọ́n wá fi etí síkẹ́ẹ̀tì wọn nù ún, wọ́n wọ bàtà. Èmi wo Kit-Yee, Kit-Yee wo ilẹ̀.

Mrs Pargeter wọlé, ó ga bí òpó iná, gíláàsì ojú ẹ̀ ń rọ̀ lọ́rùn. Ó ní, “Ràìt dẹ́n,” bí ẹni tó fẹ́ fa eyín. Reading ló kọ́kọ́ fún wa. Gbogbo ilé dákẹ́, kìkì pẹ́ńsù. Auntie dúró nídìí wíńdò, wọ́n ń ka Sáàmù sínú. Wing-Hong parí kí èmi tó mọ ohun tí wọ́n ń bi mí.

Lẹ́yìn náà ni Mrs Pargeter tẹ tépù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó ti kú sínú Thames, tí wọ́n ń fa ohùn ẹ̀ jáde pẹ̀lú okùn. “Nọọọ́ọ́m… bàààà… wáááá.” Ó wá sáré lójijì, ó di ohùn eku, ó tún rì. Auntie di radiator tó ń mú yàrá gbóná mú. Mrs Pargeter pa á. Ó ṣí i. Ó ti ìka bọ inú ẹ̀, ó wo ìka náà, ó wo sílìn bóyá òjò ń jò. Ó bi wá ta ló da nǹkan sí i.

Mo rí i tí Auntie yí ojú sí wíńdò.

Obìnrin náà wo aago. Ó ní òun ò ní rẹ́kọ́dà míì, kò sì sí àyè láti padà wá kí kánsù tó pinnu. Ó ní ó bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n tí kò bá ti sí listening, òun ò lè sọ pé àwọn ọmọ yìí gbọ́ English. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ẹ̀. Ojú Auntie ti di ti ẹni tó wà ní Nathan Way, tó ń gbọ́ bàtà lẹ́yìn.

“Please,” ẹnìkan sọ. Kit-Yee ni. “Play it. We can hear.”

Mrs Pargeter ní kò sẹ́ni tó lè gbọ́ irú nǹkan yẹn. Kit-Yee ò gbé ojú sókè, nítorí nílé wọn, bíi nílé wa, ọmọ kì í wo àgbà lójú tó bá ń bẹ̀ ẹ́. Ó kàn tún un sọ. Mo rò pé obìnrin yẹn tẹ̀ ẹ́ kó lè fi hàn wá pé irọ́ la ń pa.

Òkú Thames bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kit-Yee di ojú. Wing-Hong di ojú. Gbogbo yàrá di ojú, bí ìgbà àdúrà. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ pẹ́ńsù kan, mo gbọ́ òmíì. Kí la fẹ́ bẹ̀rù nínú ohùn yẹn? Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí atẹ́gùn, kò sẹ́ni tó ń tutọ́. Ó kú lẹ́ẹ̀kan, ó tún jí. Mrs Pargeter ò wo rẹ́kọ́dà mọ́, ọwọ́ wa ló ń wò.

Ó máàkì ẹ̀ níbẹ̀. Àwa dúró ní corridor, ilẹ̀kùn ò sì pa dé. Mo rí Auntie tí wọ́n kúrò nídìí wíńdò lọ bá a.

“Èmi ni mo da omi sí i, Madam,” wọ́n ní. “Omi àdúrà ni. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Obìnrin náà ní owó ńlá ni rẹ́kọ́dà yẹn o. Auntie ní àwọn mọ̀. Ó tún máàkì lọ, ó wá béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ láti gbọ́ irú ariwo yẹn. Auntie ní orí férì ni. Obìnrin náà wò wọ́n bí ẹni tí kò gbọ́ English.

Kit-Yee tàsé méjì péré. Wing-Hong ṣe dáadáa. Ọmọ kan fẹ́ẹ̀lì, ó sì sunkún. Èmi gba listening tán, reading mi sì wà níbi tí ẹ rò pé ó máa wà. Mrs Pargeter ní òun máa sọ fún kánsù pé kí yàrá náà dúró di ọdún tó ń bọ̀, òun á sì tún padà wá.

Ẹ rò pé ẹ̀rù Auntie tán? Kó tó di ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún ti ń yẹ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wò lóru. Àárọ̀ ìdánwò kejì, wọ́n tún gbé ike omi dé, wọ́n bọ́ bàtà. Kit-Yee ò sọ nǹkan kan. Ó gbé rẹ́kọ́dà kúrò lórí tábìlì, ó fi kóòtù ẹ̀ wé e, ó gbé e lé itan. Lẹ́yìn náà, ó tẹrí ba kí Auntie lè rí orí ẹ̀ wọ́n omi sí.