Bàtà Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Mo ti rí ohun ìríra láyé mi. Mo rí eku kan lẹ́yìn ọjà Adjamé ní Abidjan níbí tó sanra débi pé àwọn ológbò máa ń kí i lówùúrọ̀ kí wọ́n tó kọjá. Mo jẹ ẹja kan rí ní Treichville, mo jẹ ẹ́ tán, orí rẹ̀ ṣì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bi mí ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí mi lára nínú wọn bí òórùn tó jáde lábẹ́ àkísà tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ mi.

Ọmọ ọdún méje ni. Ìyá mi ni mo máa ń pè é, torí ojú ìyá tó bí mi ló gbé wá sáyé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ti òsì lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àmì kan sì wà lára itan rẹ̀ níbẹ̀, ó pọ́n bí ẹni da bísáàpù, omi ìṣápá, sí i. A ní yóò dọ́gba tó bá yá. Kò dọ́gba. Ẹsẹ̀ òsì ń dàgbà bí ẹsẹ̀ ọmọdé, ti ọ̀tún ń dàgbà bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún méje, òsì ń wọ vingt-neuf, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọ̀tún ń wọ trente-huit, méjìdínlógójì. Bàtà ni mò ń tà, mi ò nílò kí n wọn ẹsẹ̀ kí n tó mọ nọ́ńbà rẹ̀.

Obìnrin kan wà lágbàlá wa ní Attécoubé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ó ń ta ọṣẹ àti àdín, ó sì gbà pé òun mọ oògùn. Ọmọ mi ọkùnrin ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Bamako, kì í pẹ́ nílé. Ìyàwó rẹ̀, ìyá ọmọ náà, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Plateau, ó máa ń jáde kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa. Aláàdín yìí wá wọlé lẹ́yìn wọn, nígbà tí èmi wà lọ́jà. Ó po àdín mọ́ àlùbọ́sà àti ohun kan tó bù wá láti ilé ewúrẹ́. Ó kùn ún mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, ó sì fi àkísà dì í pinpin, ó ní kí ẹran ara má baà rí ààyè hù mọ́. Ó kìlọ̀ fún ọmọ pé tó bá sọ fún ìyá rẹ̀, oògùn náà ò ní jẹ́.

Òórùn ló tú àṣírí. Ìyá rẹ̀ tú àkísà náà lójú mi. Omi ń ṣàn, awọ ti bó, eṣinṣin tó wà lágbàlá wọlé bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ọmọ náà ò ké. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹsẹ̀ náà.

"Papi," ó ní, "ẹ má wò ó."

Aláàdín dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ní ìbàdí. "Oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ó ń fa omi burúkú jáde?"

"Mo rí i," mo ní. "Lọ gbé ife wá, kí o bu ún mu."

Ó pòṣé sí mi, ó lọ.

A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà Bingerville. Dókítà tó wò ó, ọmọbìnrin tí kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi ni. Ó fọ egbò náà, ó bá wa wí bó ṣe ń fọ̀ ọ́, ó sì pe orúkọ àrùn náà lédè Faransé. Orúkọ náà gùn débi pé mo sùn díẹ̀ láàárín rẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ń túmọ̀ fún mi, ìdajì Yorùbá, ìdajì Faransé, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n bí síbí ṣe ń sọ ọ́.

"Ó ní kì í ṣe bàbá rẹ̀, kì í ṣe èmi. Kò sẹ́ni tó fún un. Ce n'est la faute de personne, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Kì í ràn."

"Ibo ló ti wá?"

Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní nígbà tí ọmọ ṣì kéré ju hóró iyanrìn lọ nínú oyún, ṣe ló máa ń pín ara rẹ̀: ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa bí ara wọn lọ títí wọ́n á fi di èèyàn. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn hóró tó di ọmọ wa ló ṣe àṣìṣe, tó ń dàgbà láì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Gbogbo èyí tí ọ̀kan yẹn bí ló jogún àṣìṣe náà, ọ̀rá, iṣan ẹ̀jẹ̀, eegun, gbogbo ohun tó wà ní ẹsẹ̀ yẹn. Àwọn yòókù ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Mo rò ó títí. Lẹ́yìn náà mo ní, "Dókítà, irọ́ ni."

"Bàbá, òótọ́ ni mo sọ."

"Mi ò ní ẹ purọ́. Mo ní bí irọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí mo bá pa irọ́ kí ọjà Adjamé tó kún, kí ó tó di alẹ́, gbogbo ọjà ti gbà á. Bí mo bá pa á ní ìrọ̀lẹ́, bóyá ìsọ̀ méjì ló máa gbé e relé. Àwọn tó gbọ́ á máa sọ ọ́ fún ọmọ wọn, àwọn tí kò gbọ́ á máa ta ọjà wọn lọ."

Ìyàwó ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀, ojú ń tì í. Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ sọ fún Bàbá pé ti ọmọ yìí, ìyálẹ̀ta ni wọ́n pa á. Ẹsẹ̀ kan ló gbọ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni àrùn náà ti yé mi. Dókítà ní a kò gbọdọ̀ di ẹsẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ mọ́, torí àwọn iṣan ibẹ̀ ò dára, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú wọn kó sì gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn kan wà tó lè mú kó dẹwọ́, òun máa gbìyànjú rẹ̀. Tó bá yá, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ sí eegun kí gígùn rẹ̀ má baà pọ̀ jù. Kò ṣèlérí pé yóò dọ́gba láéláé. Ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ máa rí ọmọ náà déédéé, kí a sì wá bàtà tí kò ní fún un, kí ìsàlẹ̀ ti òsì ga sí i, kí ìbàdí rẹ̀ má baà wọ́.

Inú gbàkà, ọkọ̀ èrò kékeré ibí, la wà tí à ń bọ̀ nílé, ni obìnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ya ẹsẹ̀ ọmọ náà ní fọ́tò. Kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó ń jẹ alóko, dòdò ibí, òróró ń kán sí àyà rẹ̀, ó sì ń ṣe ojú bí ẹni tó rí ìdin nínú oúnjẹ. Ó rí mi lára.

"Madame," mo ní, "ẹ ya púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya ẹsẹ̀ yìí, tirẹ̀ á wú kó tó dé Yopougon."

Ó pa fóònù rẹ̀. Ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e ló bọ́ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

Nígbà tí ẹ̀rín yẹn máa padà wá, ó gba ilé alága wa wọlé. Alága àwa oníṣòwò ìlú wa ní Adjamé, alhaji kan tó ń ta aṣọ ni. Ó ní kí èmi àti ìyàwó ọmọ mi wá lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn àgbà jókòó yí àwo ẹran díndín ká. Ẹran há sáàárín eyín alhaji, ó sì ń fi ahọ́n wá a kiri bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ wa. Mi ò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

"Bàbá oníbàtà, a ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti ń ta bàtà, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan lẹ ń fi kọ́ síta."

"Gbogbo oníbàtà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òsì á wà nínú páálí. Olè kì í jí ẹsẹ̀ kan."

"Ó dáa. Bàtà dà bí ìbejì. Ẹ wá ń ya ìbejì nípá lójoojúmọ́, ẹ ń fi ọ̀tún han ayé, ẹ ń fi òsì pamọ́. Ẹsẹ̀ wo ló ń tóbi lára ọmọ yín?"

"Ọ̀tún ni."

Gbogbo yàrá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Hẹn-ẹn."

"Ó sì ń ràn," ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn. "Obìnrin kan yà á ní fọ́tò, kó tó dé Yopougon, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú."

"Irọ́ tèmi nìyẹn," mo ní. "Èmi ni mo pa á, nínú gbàkà."

"Ẹ gbọ́, ó ti ń sẹ́."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń purọ́ lọ́jà yìí, ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni ni wọ́n pè mí ní òpùrọ́.

Wọ́n ti parí ìpàdé kí a tó dé. Ọmọ náà á lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tó ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Mo mọ yàrá yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìkòkò tó ti sán sí. Ọmọ mi sì ti sọ lórí fóònù láti Bamako pé ohun tí àwọn àgbà bá sọ lòun máa ṣe.

Ìyàwó ọmọ mi dìde. Kò kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi. Ọmọ mi ò ní lọ. Dókítà rẹ̀ wà níbí. École rẹ̀ wà níbí."

"École wo?" alhaji ní. "Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọlé láì wọ bàtà dúdú. Ta ló rán bàtà fún irú ẹsẹ̀ yẹn? Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Bí ó bá wọ bàtà bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé-ìwé bá wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní gbé e lọ síbì kan. Bí kò bá rí i wọ̀, ọkọ̀ ìlú wa tó bá kọ́kọ́ gbéra ló máa bá lọ." Ó wá rí ẹran náà yọ, ó wò ó, ó sì tún jẹ ẹ́. "Kó tó dìgbà náà, a máa wá so bàtà yín pọ̀."

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n tú gbogbo páálí mi, wọ́n fi okùn so ọ̀tún mọ́ òsì, wọ́n kọ́ wọn síta ní méjì méjì. Alhaji ń gbàdúrà sí wọn, ó sì ń tu itọ́ àdúrà náà sí ojú bàtà tuntun, itọ́ tó ní òórùn ẹran àná. Mo ń ronú olè.

Olè ò já mi kulẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo yíjú sí oníbàárà kan, mo yíjú padà, okùn ti ṣófo. Wọ́n ní àwọn olè Yopougon gbọ́, wọ́n wọ gbàkà wá, wọ́n tò sórí ìlà bí ẹni tó wá gba ìwé ìbí. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kò kún páálí kan: bàtà ilé-ìwé dúdú tó ní ìdè, ohun tí itọ́ alhaji ti gbẹ mọ́ jù lọ. Mo jókòó, mo ń fi eyín já okùn, mo sì ń bú ẹni gbogbo nínú ikùn mi.

Oríṣi kan náà ni wọ́n. Vingt-neuf wà níbẹ̀, trente-huit wà níbẹ̀.

Ojú ti oníbàtà tí kò rí i tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi: oníbàtà kì í ta ẹsẹ̀ kan. Ó lè kọ́ ọ̀kan síta títí òjò á fi pa á, ṣùgbọ́n tó bá tà á, ó ti sọ èkejì di òkú. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára débi pé ó gba kí olè kó ìsọ̀ mi kí n tó ronú ohun mìíràn. Mo mú òsì vingt-neuf, mo mú ọ̀tún trente-huit. Mo fi ọṣẹ fọ itọ́ àdúrà kúrò lára wọn, mo fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé ìsàlẹ̀ ti òsì ga, ó fi awọ dúdú fa ìdè ti ọ̀tún gùn. Nígbà tí egbò jinná, ọmọ wọ̀ wọ́n nílé ìwòsàn, dókítà ti ìka sí inú rẹ̀ yí ká, ó ní kò fún un.

Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wọlé, èmi ni mo di ọwọ́ ìyá mi kékeré mú. Ọ̀nà ilé-ìwé kò gba iwájú ìsọ̀ alhaji. Mo gba ibẹ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì, ó dúró sí i lẹ́nu. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, bàtà méjèèjì ń dán.

Alhaji wo ilẹ̀ títí. "Bàbá oníbàtà, ẹsẹ̀ yẹn ò dínkù."

"Kò dínkù. Bàtà ló pọ̀ sí i."

Àwọn oníṣòwò tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé búrẹ́dì mì. "Mo ti sọ ọ́," ó ní wọ́ọ́rọ́wọ́, "kó máa lọ, kó má pẹ́." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló pe ọmọ mi ní Bamako, ó ní kò sí ìrìn-àjò mọ́.

Aláàdín ṣì ń fi imú fínrín bí ọmọ náà bá kọjá, èmi náà sì ń fi imú fínrín sí i.

Mo ti padà sí bí mo ṣe ń kọ́ bàtà mi, ọ̀tún síta, òsì nínú páálí, àfi méjì tó ṣẹ́ kù lára ti ọmọ, òsì ńlá àti ọ̀tún kékeré. Mo so wọ́n pọ̀, mo kọ́ wọn síwájú pátápátá. Olè kan já wọn gbà lọ lọ́jọ́ kan. Kó tó di ọ̀sán, géńdé náà ti padà wá, inú ń bí i, ó jù wọ́n sórí tábìlì mi.

"Le vieux, ta ló ń wọ irú ìranù yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń wọ ìyẹn," mo ní. "Èyí tí wọ́n ń wọ̀ ti lọ sílé-ìwé."