Sàláwù Agbẹ́kànga

Bí ẹ bá mu omi kànga ní Karmo, l'Abuja, láyé ọjọ́un, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Sàláwù ọmọ Ìsẹ́yìn ló gbẹ́ ẹ, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Ọkùnrin náà á fi ìdí ṣọ́bìrì gbá ilẹ̀, á tẹ́tí, á sì mọ ibi tí àpáta wà. Gàníyátù ìyàwó ẹ̀ ló ń fa korobá erùpẹ̀ lókè. Tí wọ́n bá yìn ín, èsì kan náà ni: "A ń gbìyànjú ni." Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé èèyàn gidi kì í fọ́nnu, Sàláwù sì gba ẹ̀kọ́ náà kọjá ààlà.

Lọ́dún 1986, òyìnbó kan tó ń kọ́ ilé òṣìṣẹ́ lẹ́bàá Karmo ń wá ẹni tí yóò gbẹ́ kànga mẹ́fà. Iṣẹ́ tí Sàláwù ti ń retí látọjọ́ tó ti dé Abuja nìyí, torí ó ti sú u kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé pé lébìrà. Òyìnbó bi í bóyá ó mọ kànga gbẹ́. Sàláwù tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"We dey try, sà."

Òyìnbó wò ó títí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń wá, kì í ṣe ẹni tó ń gbìyànjú. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Òjó ló gbé iṣẹ́ fún, torí Òjó ní òun ti gbẹ́ ọgọ́rùn-ún kànga, bẹ́ẹ̀ birikilà ni. Sàláwù wá di lébìrà lábẹ́ birikilà.

"Ọdún mélòó lẹ fẹ́ fi gbìyànjú, Bàbá Sàídátù?" ni Gàníyátù bi í nílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Kànga méjì tí Òjó kọ́kọ́ dá lé, orí àpáta ni wọ́n já sí. Òyìnbó dé, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata. Òjó ní ilẹ̀ Abuja ni kò lómi. Òyìnbó wá bi gbogbo wọn pé ta ló mọ iṣẹ́ yìí.

"We dey..." Bí Sàláwù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gàníyátù tó ń fa erùpẹ̀ fún wọn níbẹ̀ wo ọkọ ẹ̀, gbàràgàdà, ó ju korobá ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Sàláwù nàró.

"I sabi am, sà. Here na rock. Water dey for there."

Ó na ọwọ́ sí ìdí igi irúgbá. Wọ́n ní kó gbẹ́ ẹ, nígbà tó sì dé ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún, omi yọ.

Ọláídé, akọ̀wé òyìnbó, ṣí ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́.

"Pa lébìrà yẹn rẹ́," ni Sàláwù wí, kò gbóhùn sókè. "Agbẹ́kànga ni kó o kọ síbẹ̀."

"Ìyá tó ń fa okùn yìí ńkọ́?" ni Ọláídé bèèrè.

"Háà, èmi?" Gàníyátù fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

Sàláwù bẹ̀rẹ̀ mú korobá, ó gbé e sókè, ó sì jù ú sílẹ̀ gbàràgàdà.

Gàníyátù wo korobá, ó wo ọkọ ẹ̀.

"Kọ tèmi náà sílẹ̀," ló sọ fún Ọláídé. "Gàníyátù, agbẹ́kànga."