Orín Ata Tí Husnah Padà Wá Rà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Pápá Àjàó ní Mushin, àwọn tó fẹ́ kírun ìdájí ti máa ń dúró níwájú ìsọ̀ Azeezah, ìyá Taoheed. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ta orín lójú kan náà, débi pé àwọn ọmọ àdúgbò rò pé Ìyá Olórín ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ó máa ń rẹ orín sínú omi kó má baà gan, á máa gé e ní kéékèèké, á sì máa bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà. "Ìwọ Sàlíhù, ra méjì. Ẹnu tó o fi ń parọ́ yẹn ju ti orín kan lọ."

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan orín ata, àwàdà tán. Orín yẹn máa ń ta ẹnu bí ata, á sì mú kí ẹnu kú, tí ẹni tí eyín ń dùn kò fi ní mọ ìrora mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí Azeezah bá ti gbé ọ̀bẹ lé e, ohùn kan á sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ìyá, ó ti lọ o. Ẹ ṣé gan-an." Á bojú wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù máa ń bà á lójú mọmọ.

Husnah ló ni ohùn yẹn, ọmọ Làbákẹ́ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé nílé kejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ọjà Tejuoso ló ti ń ta aṣọ òkìrìkà. Lọ́dún tó kọjá, eyín ẹ̀yìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní káàdì ìlera ìjọba, ó sì fọkàn balẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Wọ́n yẹ àwọn àìsàn tí káàdì náà ń sanwó fún wò. Ibà wà níbẹ̀, ìbímọ wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà níbẹ̀. Eyín kò sí níbẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ara ríro, wọ́n ní kó lọ fowó ara rẹ̀ tọ́jú eyín ní ọsibítù ńlá. Mi ò mọ ẹni tó kọ ìwé káàdì yẹn, àmọ́ ó jọ pé bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ilé ló máa ń fi ẹnu rẹ̀ sí.

Bí Husnah ṣe di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wá sọ́dọ̀ Azeezah nìyẹn. Azeezah ní kó yanu, ó sì rí i pé ìdí eyín náà ti wú. Ó rí i o. Síbẹ̀, ó gé orín ata fún un, ó ní, "Máa rún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Má wulẹ̀ lọ dara ẹ láàmú ní ọsibítù." Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà padà wá tẹ̀ríntẹ̀rín, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó tún ra òmíràn. Ìrora ló lọ, àìsàn kò lọ síbì kankan. Ọjọ́ mẹ́ta sí i, ọrùn rẹ̀ ti wú, kò lè gbé itọ́ mì mọ́. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Azeezah kò sọ ohun tó ṣe fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Làbákẹ́ ń yí nílẹ̀, òun náà ló dì í mú.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Nọ́ọ̀sì Àrìnpé, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní Yaba, mú ìwé kan wá sí àdúgbò. Ìwé náà ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n fi eyín sínú káàdì fún àwọn ìdílé tí kò rí já jẹ. Azeezah gba ìwé náà bí ẹni tí wọ́n ju okùn sí nínú kànga. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada orín, ó ní ẹni tí kò bá tẹ̀ka kò ní rí orín rà. Làbákẹ́ a máa ṣàdúrà fún un pé, "Ìyá Taoheed, ọmọ mi lò ń jà fún yìí. Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ kàn ẹ́." Àdúrà yẹn a máa gún un lọ́kàn.

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí káàdì wá ní kí àwọn ará àdúgbò máa bọ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Ìpọ̀nrí. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus tó jẹ́ alága gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Mushin, orín tẹ́ ẹ ti ń rún látayébáyé ńkọ́? Ta ni eyín pa rí? Màmá olórín gan-an ló jókòó yẹn. Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún wa, ṣé orín yín ò wo eyín ni?"

Bí Azeezah bá ní orín ń wò ó, ìwé tí gbogbo àdúgbò tẹ̀ka sí di bébà ẹ̀pà nìyẹn. Bó bá ní kò wò ó, wọn á bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, Làbákẹ́ sì nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká kan èjìká. Ó tún wá gbọ́ ohùn náà láàárín èrò, lójú ọ̀sán gangan: "Ìyá, ó ti lọ o."

Ó dìde.

"Ọ̀gá, orín ń fọ eyín. Kì í wo eyín tó ti bàjẹ́. Orín ata máa ń mú ìrora lọ, kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Mo mọ̀, torí mo fún Husnah, ọmọ Làbákẹ́ yìí. Mo rí i pé ìdí eyín ẹ̀ ti wú, mo tún ní kó má lọ sí ọsibítù. Ó padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Káàdì yín ló lé e wá bá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wá bá mi mọ́."

Kò lè wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Igbe ló ń retí, bóyá ìgbájú pàápàá. Ó kàn gbọ́ tí àga dún, Làbákẹ́ ti dìde.

"Èmi ni mo rán an lọ síbẹ̀," ni Làbákẹ́ wí. "Ọmọ yẹn ní kí n sin òun lọ sí ọsibítù. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ilé-ìwé ti fẹ́ wọlé. Mo ní kó lọ bá Ìyá Taoheed, orín á wò ó. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti mọ oorun."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gbẹ́ni Theophilus. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ pé kí ìtọ́jú eyín wà lára ohun tí wọ́n máa gbé lọ síwájú àwọn ọ̀gá òkè. Kò ṣèlérí ju ìyẹn lọ. Àrìnpé, tó mọ ìwà ìwé ìjọba dáadáa, kò jẹ́ kó dìde títí ó fi buwọ́ lù ú.

Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn náà lẹ́yìn tí èrò ti tú ká. Làbákẹ́ yíjú sí Azeezah.

"Ọjọ́ tó padà wá yẹn, ṣé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ lóòótọ́?"

"Ó dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀."

Làbákẹ́ mi orí. "Mo tọ́ ọmọ yẹn dáadáa," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.