Ẹni Tí Ìyá Àgbà Pè Ní Alájọgbé

Ọwọ́ mi wà nínú ògì dé ìgúnpá nígbà tí wọ́n gbá ilẹ̀kùn àgbàlá wa ní Logbaba, ní Douala. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá iwájú ló ń da omi sí asẹ́, èmi ń fún èérí. Òórùn kíkan rẹ̀ gba gbogbo ilé.

"Contrôle!" Àyẹ̀wò ìwé ni.

Ọlọ́pàá méjì ló wọlé. Wọ́n wo ìwé ìyá àgbà, wọ́n dá a padà. Ó wá kan aboyún tó ń gbé yàrá kejì, aránṣọ tó ń lọ ọjà Marché Congo, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti Ṣakí dé. Kò gbọ́ Faransé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Bonamoussadi. Wọ́n ní kó wọ ọkọ̀.

Ọ̀gá wọn kọjú sí ìyá àgbà: "C'est qui pour vous?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà: "Ó ní kí ló jẹ́ sí yín."

"Alájọgbé mi ni."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, Douala ni wọ́n bí mi sí. Mo wá ọ̀rọ̀ náà ní Faransé, n kò rí i. Ẹ̀rù bà mí, mo ní, "Sa sœur," pé arábìnrin rẹ̀ ni.

Ìyá àgbà gbọ́. "Ta ni sœur? Ṣé irọ́ ni mo rán ọ? Sọ ọ́ bí mo ṣe wí i."

"Sa voisine," ni mo wí, ìyẹn aládùúgbò rẹ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Voisine? Donc c'est rien."

Pé kò jẹ́ nǹkan kan sí i nìyẹn. Ìyá àgbà mọ rien dáadáa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà.

"Orí ẹ̀ ni rien! Má túmọ̀ ìyẹn o."

Ó nu ọwọ́, ó ká ẹní ìkírun rẹ̀, ó gbé bútà dání. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, ó na ọwọ́ sí aboyún náà. "Rọra, ọmọ mi. Wá jókòó tì mí." Ó wò mí. "Fóònù mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Pe ọkọ rẹ̀."

Mo pè é. Mo wá jókòó sẹ́nu géètì, mò ń ka gbogbo súrà kéékèèké tí mo mọ̀, mo kà wọ́n tán, mo tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alaasari ni ìyá àgbà àti aboyún náà tó dé, ọkọ náà ń tẹ̀ lé wọn tòun ti ìwé. Alhamdulillah.

Mo ti há ẹ̀tọ́ aládùúgbò sórí nílé kéwú, mo tilẹ̀ gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa, ohun tí mo rò pé alájọgbé jẹ́ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí ohun tó jẹ́ gan-an. Títí dòní, n kì í tètè pe ẹnikẹ́ni ní alájọgbé mi. Mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi bóyá mo lè gun ọkọ̀ ọlọ́pàá yẹn nítorí rẹ̀.