Ohùn Alágbàfọ̀ Lẹ́nu Àlejò

Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, tí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré jù, ẹ má tètè rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ lásán ni. Ẹni tó ní ohun tó ń fi pamọ́ kì í fẹsẹ̀ kilẹ̀ rìn. Alágbàfọ̀ tí mò ń wí yìí ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ó gba ẹrù olè pamọ́ fún ọkùnrin kan tó fẹ́ràn, ó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ọkùnrin náà na pápá bora, wọ́n mú obìnrin lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣì kéré. Ìyá àgbà bá sọ fún ọmọ pé màmá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, irọ́ náà sì bá gbogbo wọn lára mu.

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti ń pe ọmọ lórí fóònù, bí àwọn wọ́dà bá gbà. Bí wọn ò bá gbà, ó lè pẹ́ kí ohùn rẹ̀ tó délé. Ìyá ti padà wálé, ọmọ náà ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ó ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ohun kan wà tí kò tíì gbé mì: pé ọjọ́ ìbí òun kọjá, màmá òun ò pè. "Owó lẹ wá lọ, màmi," ló wí lọ́jọ́ kan tí inú bí i. Alágbàfọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ọmọ pe òun ní olójúkòkòrò ju kó pe òun ní ẹlẹ́wọ̀n lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àwọn eléré orí ìtàgé kan fi dé láti ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ń wá àwọn obìnrin tí ayé ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ẹlẹ́wọ̀n àná, opó tí ẹbí ọkọ lé jáde, ẹni tí kò nílé. Wọ́n kó irú wọn wá láti ọ̀dọ̀ tiwọn náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ìtàn rẹ̀ sínú fóònù ní èdè rẹ̀, obìnrin kan láti ilẹ̀ kejì á fi etí kọ́ ọ, á wá sọ ọ́ níwájú èrò ní èdè tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́. Olùdarí eré wọn ní kò sẹ́ni tí yóò mọ ẹni tó ni ìtàn. Ohun tó fa Alágbàfọ̀ wọlé gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ wẹ̀, kò fẹ́ kí omi kan òun.

Obìnrin onírun funfun kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àlejò ló gba ìtàn rẹ̀, òun náà sì gba ti Àlejò. Àlejò ò mọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ó sì ń kí ènìyàn bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n máa ń pín búrẹ́dì jẹ láìsọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí eré ku ọ̀la ni Alágbàfọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìtàn ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì. Àlejò gbé fóònù onígi tí wọ́n fi ń ṣeré létí, ó wúkọ́ kékeré, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé ò ń gbọ́ mi ṣá, ìyá mi?"

Alágbàfọ̀ dìde dúró. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nígbàkígbà tó bá pe ọmọ rẹ̀, láti ọgbà ẹ̀wọ̀n títí di òní: ikọ́ yẹn, èémí yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì mọ̀ pé òun ṣe é nígbà tí òun ń sọ ìtàn sínú fóònù. Ẹni tí kò gbọ́ èdè, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jẹ́ bárakú olóhùn? Àlejò ti kó ọkà, ó ti kó pàǹtí mọ́ ọn.

Alágbàfọ̀ bá ògbufọ̀ sọ ọ́, ògbufọ̀ bá olùdarí sọ ọ́: kí wọ́n yọ ikọ́ yẹn, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àlejò gbìyànjú. Bó bá ti fo ikọ́ náà, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e á pòórá lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́kún. Olùdarí béèrè ìdí tí ikọ́ àti ọ̀rọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ kúrò. Alágbàfọ̀ wo ilẹ̀, ó ní kò sídìí, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Nígbà tó délé, ọmọ ń lọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ wo eré náà, òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Alágbàfọ̀ ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, pé eré náà ò dùn. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ló ń ti màmá òun. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ bí inú ẹni tó jókòó de ọjọ́ náà ṣe máa ń rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Àlejò ló máa kọ́kọ́ sọ ìtàn, kí Alágbàfọ̀ tó jáde. Ó yọjú wòran, ó rí ọmọ láàárín èrò, ó rí àfẹ́sọ́nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò gbé fóònù, ó wúkọ́, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi ṣá, ìyá mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, màmi," ni ohùn kan dáhùn láti àárín èrò.

Ẹnu ọmọ ti dáhùn kí ọgbọ́n rẹ̀ tó dé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àlejò, tí ẹnikẹ́ni ò dá lóhùn rí, mi orí síbi tí ohùn ti wá, ó ń bá ìtàn lọ: ẹrù olè, ìlà gígùn nídìí fóònù ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọjọ́ ìbí ọmọ tí wọ́dà ti ìdí fóònù náà pa, tí ìyá fi bo orí mọ́ aṣọ ìbora, tó ń kọrin fún ọmọ tí kò gbọ́. Alágbàfọ̀ ò lè yọjú mọ́. Nígbà tó kàn án, ó jáde, ó sọ ìtàn Àlejò tán láìwo ọ̀gangan ibi tí ọmọ jókòó.

Ọmọ nìkan ló wá bá a ní yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Àfẹ́sọ́nà dúró síta. Ohun tó ń rò, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ojú ọmọ ti pọ́n. Kò kí ìyá rẹ̀, kò sì jókòó.

"Ọjọ́ ìbí mi yẹn," ló wí, "ṣé wọn ò jẹ́ kí ẹ pè ni?"

"Wọn ò jẹ́."

Ọmọ rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn aṣọ eré. Ó ní òun jókòó ti fóònù lọ́jọ́ náà títí oorun fi gbé òun lọ. Alágbàfọ̀ jókòó tì í. Ó wúkọ́ kékeré, ó mí kanlẹ̀.

"Mò ń gbọ́ yín," ni ọmọ wí.