Ìyá Ìtàkùn Tó Di Etíkun Mú

Ìyá Ìtàkùn kú láàárọ̀ Ọjọ́rú, lórí ibùsùn rẹ̀, pẹ̀lú yanrìn lábẹ́ èékánná. Àbúrò ìyá mi ni. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó etíkun, níbi tó ti fi ọdún méjìlélógún gbálẹ̀, kò rán ẹnì kan ṣoṣo wá síbi ìsìnkú. Mo gbọ́ pé ìpàdé pàtàkì ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, lórí bí òkun kò ṣe ní jẹ ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó dá òkun lẹ́kun ni a ń sin lọ́wọ́, àwọn ń ṣèpàdé.

Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá wọlé, ọ́fíìsì yìí kó koríko ọgbà wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí yanrìn bí ẹní. Ìyá Ìtàkùn fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lọ bá Ọ̀gá Àgbà.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, koríko yìí ò mọ iyọ̀ òkun rí. Ṣé ẹ rí ìtàkùn tó ń fà lórí yanrìn lọ́hùn-ún yẹn? Gbogbo oríkèé tó bá ti kanlẹ̀ ló máa ń ta gbòǹgbò. Ọmọ ibí ni."

Ọ̀gá Àgbà dáhùn pé, "Màmá, ẹ gbájú mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí koríko àlejò fi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Àlejò ńlá kan sì ń bọ̀ wá wò ó. Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa ṣe? Wọ́n kùn ún. Ojú mi báyìí ni òṣìṣẹ́ mẹ́rin ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun òkú koríko ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Àlejò ńlá rìn kọjá lórí rẹ̀, bàtà funfun rẹ̀ yí àwọ̀ padà. Ó ní koríko náà mà tutù o. Ọ̀gá Àgbà ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ín ni.

Nígbà tí Ìyá Ìtàkùn fẹ̀yìntì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló máa ń gé ìtàkùn náà ní ìwọ̀n gígùn apá ènìyàn, á ri oríkèé rẹ̀ mọ́ yanrìn tútù, á wá fi ẹ̀ka gbígbẹ ṣe ọgbà kúkúrú kí atẹ́gùn lè kó yanrìn jọ síbẹ̀. Ewúrẹ́ kò jẹ́ kó simi. Ló bá gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ àti fìlà kọ́ sórí igi láti fi dẹ́rù bà wọ́n. Ewúrẹ́ ò bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ mẹ́ta ni awakọ̀ ọ́fíìsì fi ń kí igi náà, "Ẹ káàárọ̀, mà," tó sì ń bínú pé màmá ò dá òun lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ́fíìsì rán àwọn aládàá wá gé ìtàkùn náà dànù, wọ́n ní igbó ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún un gbìn, pẹ̀lú eékún tó ń ro ó. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́ wọn jàre." Ó ní, "Bí mo bá jọ̀wọ́ wọn, ṣé òkun máa jọ̀wọ́ ilé ẹ?"

Lọ́dún tó kọjá, òkun ru. Ó gbé ògiri ọ́fíìsì, ó padà wá gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tòun ti kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni. Bẹ́líìtì rẹ̀ ló ń dì lọ́wọ́ tó fi gbọ́ gbàmù. Níbi tí ìtàkùn wà, yanrìn ò yẹsẹ̀. Ilé mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn ló dúró, tèmi náà wà níbẹ̀.

Ṣé ọ́fíìsì dúpẹ́? Wọ́n ri pátákó mọ́ àárín ìtàkùn: "Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà." Ní ọjọ́ kẹta tí a sin Ìyá Ìtàkùn, lẹ́tà wọn dé, wọ́n kọ orúkọ òkú sí i: "Ẹ gbin igbó sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì láìgba àṣẹ. Láàárín ọjọ́ méje, ẹ yọjú fúnra yín, kí ẹ wá ṣàlàyé." Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tó jókòó tán ló bú sẹ́kún.

Mo gbé lẹ́tà náà lọ. Akọ̀wé ní, "Kí wọ́n kàn kọ èsì."

Mo ní, "Wọ́n ti kú."

Ó ní, "Ṣé wọ́n fi tó wa létí?"

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tó bá jẹ́ igbó ni, kí ni orúkọ Ọ̀gá Àgbà ń wá nínú igbó? Tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kí ló dé tí ẹ ń bi òkú léèrè? Ta ló fọwọ́ sí lẹ́tà yìí? Ta ló ń rán àwọn aládàá? A fẹ́ kí wọ́n jáde, kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ẹ fa pátákó yẹn tu, kí ẹ kọ orúkọ obìnrin náà síbẹ̀. Kí ẹ sì rán ẹni tó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ri oríkèé mọ́ yanrìn, nítorí òjò tó ń bọ̀ ò ní dúró de ìpàdé.

Ọjọ́ méje lẹ fún òkú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàyè, àwa náà fún yín ní ọjọ́ méje. Ẹ yọjú fúnra yín.