Obìnrin tí wọ́n torí ẹ̀ kọ orin yẹn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó ti obìnrin tí wọ́n torí ẹ̀ kọ orin ìfẹ́ tó gbòde yẹn lónìí!

Mo lọ dirun ní Ìkòsì. Wọ́n gbé orin náà sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò, gbogbo wa ń gbè é. Aunty tí wọ́n jókòó tì mí nìkan ni ò kọ ọ́.

"Aunty, ṣé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

"Ọkọ mi ló ń kọ ọ́ yẹn."

Wọ́n ní ohùn orin nìkan lọkọ àwọn kọ́kọ́ rí, kò rí ọ̀rọ̀ fi sí i. Sítúdíò ló wà ní Ogudu nígbà tí aunty pè é láti ọsibítù pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fáwọn lọ́la ń ba àwọn lẹ́rù. Ló bá ń kọrin sí wọn létí lórí fóònù, ó ń wá ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ò sì pa ẹ̀rọ.

"Ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn. Ibi tóhùn ẹ̀ ti gbọ̀n yẹn, ẹkún ló ń gbé mì. Wọ́n ní kó tún un kọ, ó kọ̀."

Ara wọn ti yá báyìí. Nígbà tí ọkọ wọn wá mú wọn, gbogbo wa dìde, a pàtẹ́wọ́. Ojú ń tì í!

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ti ṣe irú ẹ̀ fún yín rí?